Àwọn Ìkòkò Aró Sìmbíátù

Bí mo bá gbọ́ òórùn eérú tútù lónìí, ẹ̀yìnkùlé wa ní Ẹdẹ ni ọkàn mi máa ń lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Sìmbíátù, ló tọ́ mi dàgbà níbẹ̀; Ìyá ni mo ń pè wọ́n. Aláró ni wọ́n. Ìkòkò aró mẹ́sàn-án ló wà lẹ́yìn ilé, ìyá wọn ló fi í sílẹ̀ fún wọn. A máa ń gún ewé ẹlú, a ó ṣù ú, a ó sá a sóòrùn, kí a tó kó o sínú omi eérú kí ó lè kan. Bí ọjọ́ bá pé, Ìyá á ti ìka bọ̀ ọ́, wọn á tọ́ ọ wò, wọn á ní, "Ó ku díẹ̀." Ahọ́n wọn kì í ṣìnà.

Ní àsìkò òjò ọdún 1953, wolé-wolé kan tó ń jẹ́ Olúmúyìwá wọ agbo ilé wa. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, ṣùgbọ́n akoto òyìnbó ló dé, òfin òyìnbó ló sì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá, àwọn ìkòkò yìí ń rùn, tanwíjí tó ń di ẹ̀fọn sì kún inú wọn. Ìjọba ní kí ẹ dà wọ́n nù."

"Tanwíjí nínú aró kẹ̀? Ọ̀gá, ẹ bojú wò ó ná."

Kò wò ó. Ó fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ fọ́ mẹ́ta. Aró ṣàn gba àárín agbo ilé, àwọn adìẹ ń tẹ̀ ẹ́ káàkiri. Lọ́jọ́ kejì, sàmánì dé nítorí mẹ́fà tó kù.

Àtàndá, ọkọ Ìyá, ní, "Bẹ̀ wọ́n, kí ó tán. A kì í bá ìjọba jà."

"N ò bá ẹnikẹ́ni jà," ni Ìyá fèsì. "Mo fẹ́ kí wọ́n wò ó ni."

Lọ́jọ́ ẹjọ́, Ìyá gbé aró sínú igbá. Ìgò kan wà lọ́wọ́ mi, tanwíjí ń jó nínú rẹ̀. Inú gọ́tà tó wà lẹ́yìn kọ́ọ̀tù gan-an la ti bù ú. Òyìnbó ajẹ́lẹ̀ kan jókòó ti adájọ́. Ìyá kúnlẹ̀, wọ́n da omi ìgò náà sínú aró, wọ́n ní kí gbogbo wọn wá wò ó. Kí akọ̀wé tó kọ̀wé tán, tanwíjí ti kú, wọ́n ń léfòó. Òyìnbó ní kí ògbufọ̀ béèrè ohun tó wà nínú igbá.

"Ẹlú àti eérú ni," ni Ìyá wí. "Ìyá mi ló kọ́ mi."

Adájọ́ ní kí ẹnikẹ́ni má fọ́ ìkòkò náà mọ́, ṣùgbọ́n nítorí òórùn, kí wọ́n kó wọn kúrò láàárín ìlú kí oṣù tó parí. Nígbà tí a délé ni mo rí omijé lójú Ìyá. Ibi tí ìyá wọn ti kọ́ wọn níṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀ yẹn.

Àwọn obìnrin àdúgbò ló bá wa ru ìkòkò lọ sí ẹ̀bá odò Ọ̀ṣun. Grace, ìyàwó katikíìsì, ru èyí tó wúwo jù, ó ń rẹ́rìn-ín pé bí òun bá ṣubú, òun á di aró. Kí ọdún méjì tó pé, àwọn aláró mìíràn ti wá bá wa níbẹ̀. A ń rẹ aṣọ, a ń sá a sórí koríko, a ń tàkúrọ̀sọ títí oòrùn fi ń wọ̀. N kò tíì rí ayọ̀ tó tó ti ìgbà náà.

Aró òyìnbó inú agolo dé lẹ́yìn náà, ó sì kó oníbàárà wa lọ. Ìyá ra ẹyọ kan, wọ́n fi rẹ aṣọ, wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n wá fi í hàn wá. Ó ti ṣá. Wọ́n padà sídìí ìkòkò wọn. Nígbà tí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀ lọ́dún 1960, àwọn obìnrin láti ìlú Awo àti ìlú Ara ń wá aṣọ aró gidi tí wọn yóò fi ṣe ọjọ́ náà. Ìyá rẹ aṣọ títí ọwọ́ wọn fi dúdú dé ìgúnpá.

Ní 1962, mo relé ọkọ ní Ìwó. Ìyá bu aró wọn sínú ìṣà kékeré kan fún mi, kí n fi bẹ̀rẹ̀ tèmi. Mo bu eérú sí i, mo fi ẹlú kún un. Ní ọjọ́ kẹfà, mo tọ́ ọ wò. Ó ti kan.