Mojíre Sọ̀kalẹ̀ Lọ sí Kíláàsì Kejì

Kíláàsì kẹfà ni Mojíre ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò láti ìgbà tó ti dé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ní Òkèrèwè. Obìnrin tí kì í lè jókòó ni. Bó bá ń kọ́ni, yóò máa rìn láàárín bẹ́ǹṣì. Bí a bá wà ní ìsinmi, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí. Àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń yege ìdánwò ìwọlé sí sẹ́kọ́ńdírì, nítorí náà kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun.

Ìgbà yẹn ni Dókítà Ọlábísí dé láti yunifásítì. Ó ń ṣe ìwádìí lórí bí òye ìṣirò ṣe ń dàgbà nínú ọmọ, láti ìpele kan bọ́ sí èkejì. Ó ń pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń bi wọ́n ní ìbéèrè, ó sì ní kí Mojíre jókòó ti òun.

Sùmáyà, tó máa ń gba ipò kìíní, ló kọ́kọ́ wá. Wọ́n ní kó ro ìdámẹ́rin pọ̀ mọ́ ìdámẹ́jọ, ó sì gbà á láìṣì.

"Èwo ló tóbi jù nínú méjèèjì?" ni Dókítà bi í.

"Ìdámẹ́jọ, mà."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mẹ́jọ ju mẹ́rin lọ, mà."

Mojíre dìde. Ó rìn dé ìdí kànga, ó padà. Ọmọ tó tẹ̀ lé Sùmáyà sọ bákan náà.

"Kì í ṣe pé ẹ ò mọ̀ ọ́n kọ́," ni Dókítà sọ fún un. "Ìpele kan wà nísàlẹ̀ tí wọn ò tíì là kọjá. Ibi tí ọmọ bá dúró sí la ti ń mú un lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí ara Mojíre balẹ̀ mọ́. Ó pa sílábọ́ọ̀sì tì, ó fún àwọn ọmọ ní bébà kí wọ́n ká a sí mẹ́rin, kí wọ́n ká òmíràn sí mẹ́jọ, kí wọ́n fi wọ́n wéra. Èyí tó pọ̀ nínú wọn rí i. Ṣùgbọ́n ó kíyè sí i pé àwọn kan ń ká a ní wúrúwùru, ìpín kan tóbi, èkejì kéré, wọ́n sì ń pe gbogbo rẹ̀ ní ìdámẹ́rin. Ó lọ wo kíláàsì kẹrin, ọ̀rọ̀ ò yàtọ̀. Ó lọ wo kíláàsì kejì, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tí sáà tuntun fẹ́ wọlé, ó tọ ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́wálé, lọ pé kí wọ́n gbé òun lọ sí kíláàsì kejì.

"Ṣé ẹnì kan ṣẹ̀ yín ni, Mísíìsì Lágúnjú?"

"Rárá, sà. Ibẹ̀ ni nǹkan ti ń wọ́."

Wọ́n gbà fún un. Láìpẹ́, àwọn ará àdúgbò ń sọ pé ó ṣẹ̀ ni ọ̀gá fi fìyà jẹ ẹ́. Ọkọ rẹ̀ pàápàá ní, "Ìyá Ìkẹ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń di ọ̀gá, ìwọ ń sá lọ bá àwọn tí ikun imú wọn ò tíì gbẹ." Ó sọ fún èmi tí a jọ jẹ́ olùkọ́ pé ọ̀rọ̀ náà dun òun wọra.

Ó ń fi kóró àgbálùmọ̀ kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní pípín ọgbọọgba, ó sì ń yé wọn. Ṣùgbọ́n lókè, èsì ìdánwò kíláàsì kẹfà já wálẹ̀, àwọn òbí sì wá bínú ní ọ́fíìsì. Ọ̀gá ní kó padà sókè. Mojíre gbà, bí wọ́n bá lè fi ìṣirò kíláàsì kejì sílẹ̀ fún un pẹ̀lú.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ẹni tó ń sáré la pápá kọjá láràárọ̀, láti kíláàsì kan sí èkejì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dá a dúró, mo bi í bóyá ọkàn rẹ̀ ti wá balẹ̀.

"Ìmọ́lẹ̀olúwa ní kíláàsì kìíní ka kóró dé mẹ́wàá láìṣì," ló wí. "Mo bi í pé mélòó ni wọ́n. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan, kò mọ̀ pé mẹ́wàá tó kà parí sí ni iye wọn."

Ó ti kọjá lọ síhà kíláàsì kìíní.