Nígbà Tí Wọ́n Dá Ọkọ Mi Dúró sí Ọsibítù

Ọdún tí ogun abẹ́lé parí ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọkọ mi ní Port Harcourt. A kò tíì pẹ́ nílùú náà. Láti Ìbàdàn ni wọ́n ti gbé e wá sí èbúté tí ọkọ̀ òkun ti ń já ẹrù, ó ń ṣe akọ̀wé níbẹ̀. Èmi tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìrètí pé n ó rí iṣẹ́ tíṣà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ìwé ni kò tíì ṣí. Yàrá kan la gbà ní Rumuigbo, nínú ọgbà tó jẹ́ pé àwa nìkan là ń sọ Yorùbá níbẹ̀. Obìnrin ará Okrika kan tó ń ta ẹja yíyan, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ló kọ́kọ́ bá mi ṣọ̀rẹ́. Mama ni gbogbo ọgbà ń pè é. Píjìn la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, tèmi kò sì já gaara nígbà náà. Bí mo bá ṣì í sọ, á tún un sọ bó ṣe yẹ, á sì dúró kí n sọ ọ́ tẹ̀ lé òun.

Inú rírun ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ọkọ mi ní ẹ̀wà tí òun jẹ níbi iṣẹ́ ló fà á. Ó mu omi iyọ̀, ó sùn, ó jí, ó tún lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, kò lè nàró mọ́, ara rẹ̀ sì gbóná bí ìgbà tí iná ń jó lábẹ́ rẹ̀. Mama ló sáré lọ bẹ dírẹ́bà tó máa ń bá a kó ẹja pé kó wá gbé wa. Ọsibítù ìjọba la kọ́kọ́ lọ. Àwọn èèyàn tó ń ti inú igbó padà dé ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́, àwọn mìíràn nà sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ wọn wú. Nọ́ọ̀sì kan fọwọ́ tẹ ikùn ọkọ mi, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé kò sí bí iṣẹ́ abẹ ṣe lè kàn án lọ́jọ́ náà. Ó ní bí mo bá lágbára rẹ̀, kí n gbé e lọ sí ọsibítù aládàáni kan tó wà nígboro.

Dókítà ibẹ̀ kò fi àkókò ṣòfò. Ó ní apẹ́ńdíìsì ni, ó sì ti fẹ́ bẹ́ sínú ikùn, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Akọ̀wé wọn béèrè àsansílẹ̀. Mo padà sílé lọ kó gbogbo owó tí a ti ń tọ́jú pé a ó fi lọ sílé nígbà Kérésìmesì, mo kó o lé e lọ́wọ́, ọkàn mi sì balẹ̀. Mo rò pé mo ti sanwó nìyẹn.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Nígbà tí ọkọ mi ti ń rìn káàkiri wọ́ọ̀dù, tó tún ń bá àwọn aláìsàn yòókù ṣàwàdà, wọ́n pè mí kí n wá gbọ́ iye tó kù. Akọ̀wé náà kà á sí mi létí: owó abẹ, owó oògùn tí wọ́n fi kun ún lóorun, owó ẹ̀jẹ̀, owó omi tí wọ́n fà sí i lára, owó bẹ́ẹ̀dì, títí kan owó òwú àti báńdéèjì. Mo ní kó tún un kà. Ó lé ní owó oṣù mẹ́fà ọkọ mi, bí a kò bá jẹ tí a kò bá mu. Èyí tí mo ti san kò sì tó nǹkan kan lára rẹ̀. Ó wá fi kún un pé ọkọ mi kò ní lọ sílé títí a ó fi san án, owó bẹ́ẹ̀dì yóò sì máa gorí ara wọn lójoojúmọ́.

Mo lọ bá dókítà. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó fún mi ní àga, ó sì jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní nígbà ogun, wọ́n kó gbogbo ohun tó wà nínú ọsibítù náà lọ, títí dórí ilẹ̀kùn. Gbèsè lòun fi tún un ṣe, òkè òkun sì ni oògùn ti ń wá.

Ó ní, "Màdáámù, mo ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọkọ yín kí n tó mọ̀ bóyá ẹ lè san ìyókù owó rẹ̀, torí mi ò fẹ́ kó kú. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ènìyàn bá ń lọ láìsanwó, ẹni tó bá ń bọ̀ lọ́la kò ní bá mi níbí."

Kò pariwo. Ojú rẹ̀ fi hàn pé ó ti rẹ̀ ẹ́. N kò rí ẹni tí n ó bínú sí, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù.

Ọkọ mi kò jẹ́ kí n kọ̀wé sílé. Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ kí a wá sí Port Harcourt láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ ọsibítù, wọn á ní ọmọ àwọn ti kú ni, a kàn ń tan àwọn jẹ. Àwọn Yorùbá tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi dáwó fún wa, ibi iṣẹ́ rẹ̀ náà yá a lówó díẹ̀. Síbẹ̀, kò tó.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Mama ń yí ẹja lórí iná, mo jókòó tì í, mo ń ráhùn. Mo ní ìkà ni àwọn ará ọsibítù náà, pé iṣẹ́ abẹ wo ló ń gba irú owó bẹ́ẹ̀.

Mama fẹ́ iná náà, ó ní, "Ọmọ mi, nígbà ogun, ibà mú ọmọbìnrin mi kan ní abúlé etí odò tí a sá lọ. Owó wà létí ìró mi. Mo ń wá ẹni tí n ó kó o fún, n kò rí. Kò sí dókítà, kò sí nọ́ọ̀sì. Iyekíye tí wọ́n bá pè fún mi ni ǹ bá san."

Kò fi bá mi wí. Ó kàn ń yí ẹja rẹ̀ lọ. N kò mọ̀ rárá pé ó bí ọmọbìnrin kan rí. Mo dìde, mo bá a yí èyí tó kù.

Lọ́jọ́ kejì, ó di ẹja sínú apẹ̀rẹ̀ fún mi láwìn, ó ní kí n lọ máa tà á ní oríta Rumuokoro, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti máa ń dúró. Tíṣà ni mí, n kò polówó ọjà rí. Mo dúró ti apẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń retí kí ọmọ ilé ìwé kí òun. Obìnrin tó ń ta gààrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ṣàánú mi tó bá mi ké sí oníbàárà, títí ohùn tèmi náà fi jáde. Láti ibẹ̀ ni mo ti máa ń gba ọsibítù lọ, òórùn ẹja á sì ti ṣáájú mi wọ wọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó kọjú sí ògiri.

Ó ní, "Kì í ṣe èyí ni mo ṣèlérí fún ẹ."

Mo ní kó jẹun kí oúnjẹ tó tutù.

Nígbà tí mo kó gbogbo èyí tí mo rí jọ lọ bá dókítà, alàgbà ìjọ wa kan tẹ̀ lé mi láti ṣe onídùúró. Dókítà gbà kí a máa san ìyókù lóṣooṣù, ó sì fúnra rẹ̀ sìn wá dé ẹnu ọ̀nà. Ọkọ mi fi ọwọ́ kan di ikùn mú, ó fi èkejì gbá èjìká mi mú, bẹ́ẹ̀ la ṣe rìn dé ibi ọkọ̀. N kò fi ẹja títà sílẹ̀. A san gbèsè náà tán kí ọdún tó parí, a sì lọ sílé nígbà Kérésìmesì.

Ìyá ọkọ mi fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú àpá náà títí. Wọn kò bínú bí mo ṣe rò. Wọ́n kàn béèrè ẹni tó dúró tì mí lọ́hùn-ún. Mo sọ fún wọn. Wọ́n wọlé, wọ́n mú aṣọ òfì kan tí wọn kò tíì ró rí jáde, wọ́n ní kí n gbé e fún un.

Mama tú aṣọ náà wò, ó ní èyí mà wúwo o, ta ni yóò ró o nínú ooru Port Harcourt. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó ró o lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òógùn bò ó, kò sì tú u títí ó fi padà sílé.