Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Tí Mi Ò Lè Jókòó Níwájú Bàbá

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tójú mi rí nígbà tí owó epo ń ṣàn nílẹ̀ yìí, tí mo jẹ́ dírẹ́bà olówó ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o! Dírẹ́bà olówó náà ń gbádùn jàre.

Agbaṣẹ́ṣe ni Alhájì, ọ̀gá mi. Ilé ni wọ́n ń kọ́ fún ìjọba, owó sì ń wọlé. Ni wọ́n bá ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan láti òkè òkun, èyí tó ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní tọ́bò. Tọ́bò yìí ló máa ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, ọkọ̀ á fò! Láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Ìkòtún, mi ò rí irú ẹ̀ rí.

Fẹ́mi, mẹkáníìkì ẹgbẹ́ mi tó kọ́ṣẹ́ ní Jámánì, ló ń tọ́jú ọkọ̀ náà ní Akówọnjọ. Ó kìlọ̀ fún mi pé tí mo bá ti sáré dé ibi tí mò ń lọ, mi ò gbọ́dọ̀ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Kí n jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, torí tọ́bò máa ń gbóná bí ààrò, ọ́ìlì tó ń ṣàn gba inú ẹ̀ ló sì ń tù ú. Tí mo bá pa á lójijì, ọ́ìlì á dúró síbẹ̀, á jóná mọ́ ọn. Ṣé ìyẹn le? Mo ní kò le rárá.

Àṣé ó le! Lójoojúmọ́, tí mo bá ti gbé Alhájì dé Àpápá, mo máa ń sáré padà sí Ìṣẹ̀rí-Olófin lọ wo bàbá wọn, kí n rí i pé wọ́n lo oògùn wọn. Bàbá ti lé lọ́gọ́rin ọdún, iwájú ilé ni wọ́n sì máa ń jókòó sí.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ tuntun yẹn débẹ̀, mo jókòó sínú ẹ̀, mò ń ka ìṣẹ́jú mẹ́ta mi. Bàbá ń wò mí, èmi náà ń wo Bàbá. Nígbà tí mo wá sọ̀kalẹ̀, tí mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní ṣé bí a ṣe ń kí àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tiwa nìyẹn, kéèyàn jókòó gẹlẹtẹ sínú mọ́tò tó ń kùn, kó máa wo bàbá tó bí ọ̀gá ẹ̀ níran? Yéè! Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ wọ̀.

Ṣé kí n wá máa ṣàlàyé tọ́bò fún Bàbá ni? Wọ́n á ní mò ń bá àgbà jiyàn. Láti ọjọ́ kejì, bí mo bá ti ń dé báyìí, mo ti pa ẹ́ńjìnnì, mo ti wà nílẹ̀ gbalaja. Bàbá ń ṣàdúrà fún mi, inú mi sì ń dùn.

Oṣù mẹ́ta ò tíì pé tí wàhálà fi dé. Mo gbé Alhájì, a dé Ìdímù, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, èéfín bo gbogbo títì, agbára ẹ̀ tán pátápátá. Fẹ́mi tú tọ́bò náà níwájú wa, inú ẹ̀ ti jó dúdú. Ó ní ẹnì kan ló ń pa á nígbà tó ṣì gbóná.

Alhájì yíjú sí mi, wọ́n béèrè bóyá Fẹ́mi ò kìlọ̀ fún mi ni. Mo ní ó kìlọ̀. Wọ́n ní kí ló wá dé? Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọmọ ọ̀hún ò tíì pé ogójì ọjọ́, iṣẹ́ yìí nìkan ni mo sì ní. Àmọ́ báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé bàbá yín ló fà á? Mo kàn ń bẹ̀bẹ̀ ṣá. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Mo fẹsẹ̀ rìn délé, mò ń sunkún lójú títì, èmi àgbàlagbà!

Bàbá ló béèrè mi. Nígbà tí wọn ò rí mi fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n bi Alhájì, Alhájì sì ka ẹ̀ṣẹ̀ mi fún wọn. Ẹnu Alhájì fúnra wọn ni mo ti gbọ́ èsì tí Bàbá fọ̀: “Ó dúró nígbà àkọ́kọ́. Èmi ni mo bá a wí. Tó o bá máa lé ẹnì kan, èmi ni kó o lé.”

Alhájì wá mi wálé. Wọ́n ní kí ló dé tí mi ò sọ? Mo ní, “Ẹ gbà mí o, ṣé kí n wá fẹjọ́ bàbá yín sùn yín ni?” Wọ́n mi orí títí, wọ́n sì na kọ́kọ́rọ́ sí mi.

Nígbà tí Fẹ́mi tún ọkọ̀ náà ṣe tán, lọ́jọ́ tí mo tún gbé e dé Ìṣẹ̀rí, ọwọ́ mi ti wà lára kọ́kọ́rọ́, ìbẹ̀rù ti mú mi. Bàbá dìde, wọ́n fi ọ̀pá rìn wá jẹ́jẹ́, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n ní, “Má pa á. Ibí yìí ni kó o ti kí mi.”

Ẹ máa jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sinmi kẹ́ ẹ tó pa á o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní tọ́bò. Àmọ́ ẹ̀kọ́ tèmi jùyẹn lọ. Ẹ̀yin ńkọ́, àlàyé wo lẹ gbé mì nítorí àgbà, tó padà jẹ yín níyà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Ní tèmi, mo ti pinnu lọ́kàn ara mi pé àlàyé mi ò ní yé Bàbá, bẹ́ẹ̀ mi ò ṣàlàyé fún wọn rí.