Ọwọ́ Tó Dì Mí Mú Nínú Jàkúsì Màmá

Mi ò mu ọtí, mi ò sì lá àlá. Ọ̀sán gangan ni, ojú mi sì là kedere. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ tán.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló tọ́ mi dàgbà nílùú wa, Ìsọ̀lọ̀-Ọ̀pìn. Màmá ni mo ń pè wọ́n. Gàrí la jọ ń yan. Ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ ló gé ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún wọn dànù, ó wá ku mẹ́rin.

Nígbà tí orúnkún ń dà wọ́n láàmú, Bọ́lá ọmọ wọn ra jàkúsì ránṣẹ́ láti Àbújá: báàfù ńlá oníná tí omi rẹ̀ ń gbóná tó sì ń ru fúnra rẹ̀. Ó ní kí n máa fi tẹmómítà wo omi kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Tẹmómítà kẹ̀? Èmi tí mò ń fi ọwọ́ mọ gàrí tó gbẹ nínú agbada gbígbóná! Ọwọ́ náà ni mo ń tì bọ̀ ọ́. Màá ní, "Ẹ wọlé, Màmá, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni."

Lọ́jọ́ kan, òòyì kọ́ wọn nínú omi náà, wọn ò sì dìde mọ́. Gbogbo ilé ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá ni Bọ́lá wálé pẹ̀lú oyún oṣù márùn-ún. Ẹ̀yìn ń ro ó. Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi tan jàkúsì Màmá. Tẹmómítà ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ mi ń bẹ."

Mo tì í bọ omi dé ìgúnpá. Ẹ gbà mí gbọ́, wọ́ọ́rọ́ ló ṣe sí mi. Bí mo ṣe ya ẹnu kí n ní kó wọlé ni nǹkan dì mí lọ́wọ́ mú nísàlẹ̀ omi.

Ọwọ́ èèyàn ni. Ó tutù bí omi àmù. Mo fà, kò tú. Ohùn kan sọ sí mi létí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ní èdè ilé wa gan-an: "Ọwọ́ rẹ è mọ uná mọ́." Pé ọwọ́ mi kò mọ iná mọ́.

Mo ké, mo já ara mi gbà. Omi dà sí ẹsẹ̀ Bọ́lá, ó fò sókè. "Yéè! Àǹtí, ó gbóná!" Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti pọ́n.

Ó wá tẹmómítà jáde, ó tì í bọ omi. Mẹ́rìndínláàádọ́ta! Ogójì ni kò gbọdọ̀ kọjá. Lọ́jọ́ kejì ni nọ́ọ̀sì tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ wá sọ fún wa pé aláboyún kò gbọdọ̀ wọ irú omi bẹ́ẹ̀ láìbi dókítà léèrè, ẹlẹ́jẹ̀ ríru náà kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́.

Ojú ìka mẹ́rin wà lápá mi títí di òní, àyè ti àárín ṣófo. Bọ́lá wò ó títí, ó wá rọra bi mí pé, "Àǹtí, ta ló ń wo omi fún Màmá?" Mo fa apá aṣọ mi bo ojú ìka náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀ nílé, ẹ fi tẹmómítà wò ó, ẹ má dá wọ̀ ọ́, ẹ má sì pẹ́ níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ayangàrí fi ọwọ́ wo omi fún ìyá yín.