Afẹ́fẹ́ Inú Táyà Ẹ̀yìn

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé, orogún ni aránṣọ yìí máa ń pe kẹ̀kẹ́ tí ọkọ náà ń gùn. Orogún inú pálọ̀ sì ni o! Ó fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, táyà rẹ̀ sanra, ara táyà náà rí págunpàgun, nítorí orí òkè olókùúta ni ọkọ máa ń gùn ún lọ. Bí ọkọ bá ti ń nù ún, ìyàwó á ju ọ̀rọ̀ sí i láti ìdí ẹ̀rọ.

"Ẹ kú ìtọ́jú ìyàálé mi o. Ẹ bá mi bi í bóyá ó ti jẹun."

"Ó ti jẹun," lọkọ á dáhùn. "Èmi ni ebi ń pa."

Táyà náà kò ní tíúbù. Omi funfun kan tó ki bíi wàrà ni ọkọ máa ń dà sínú rẹ̀. Bí ẹ̀gún bá gún táyà, omi náà á sáré lọ síbi ihò, á sì dí i pa. Nínú pálọ̀ yẹn náà ló ti máa ń fi táyà sí ríìmù. Á fi omi ọṣẹ pa etí táyà, á máa fi pọ́ǹpù fẹ́ ẹ títí etí náà á fi ta mọ́ ríìmù, gbàù! Lọ́jọ́ kan tó dún bẹ́ẹ̀, aránṣọ ṣubú gbalaja, ó dijú, ó yọ ahọ́n síta. Ọkọ figbe ta, ó ju pọ́ǹpù nù, kó tó rí i pé ẹ̀rín ló ń mi ikùn ìyàwó rẹ̀. Ó bínú títí di alẹ́.

Ọkọ ni ikú tòótọ́ wá mú. Ó ní àyà ń dun òun láàárọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti tán.

Ọ̀sẹ̀ tó kú yẹn gan-an ló fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà méjèèjì. Àwọn ẹbí kó aṣọ rẹ̀, wọ́n kó bàtà rẹ̀, aránṣọ ò janpata. Táyà iwájú rọ̀ pẹ̀lẹ̀bẹ̀ lójú rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó yé e: afẹ́fẹ́ tó kù nínú táyà ẹ̀yìn, ọwọ́ ọkọ òun ló fi í síbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó fọwọ́ ṣe nínú ilé yìí, ìyẹn nìkan ló ṣì wà bó ṣe fi í sílẹ̀.

Láti ìgbà náà, kó tó bọ́jú láàárọ̀, á fi àtàǹpàkò tẹ táyà náà wò. Tó bá ti le, á lọ bọ́jú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò gbọ́ pé afẹ́fẹ́ lòun ń ṣọ́, tí kò ní í máa fura sí orí òun?

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, àtàǹpàkò rì wọlé. Ó gbé etí sí táyà, ó gbọ́ ọ tó ń jò tínńtín. Ó pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lorúkọ tó sọ ọ́ nígbà tó kọ́kọ́ wọlé ọkọ, nítorí ọkùnrin náà sanra débi pé ẹnu ọ̀nà pálọ̀ ń bẹ̀rù rẹ̀. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló sì kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ìyàwó wa! Sọ̀rọ̀ sókè, ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun ń pariwo."

"Táyà ẹ̀yìn orogún mi ló ń jò. Mi ò fẹ́ kó jò tán. Kí ni kí n ṣe?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà ti fẹ́ máa gun òkè? Ta ló máa tì ọ́ lẹ́yìn? Omi inú rẹ̀ ló gbẹ. Ìyókù wà nínú ike lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Gbọn ike náà dáadáa, fi síríǹjì fà á, tú pín kékeré tó wà lẹ́nu fáàfù, níbi tí à ń gbà fẹ́ táyà, kí o fún omi náà wọlé. Ihò á dí."

Ihò á dí: ìyẹn nìkan ni aránṣọ gbọ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà ò sọ ohun tó kù, nítorí lójú tirẹ̀ kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ó gbé fóònù lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ, kí ohùn ọkùnrin náà lè máa jáde. Ó gbọn ike, ó fa omi, ó fi àjákù aṣọ nu ẹnu síríǹjì. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n, bí ìgbà tó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ ni. Ó yí pín náà. Ó le díẹ̀, ó rọ̀, ó sì ta yọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣííííì!

Ó fi àtàǹpàkò dí i, afẹ́fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò jáde. Ó wá pín náà, ó ti yí lọ sábẹ́ àga.

"Kí ló ń dún yẹn?" ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bi í.

"Afẹ́fẹ́ ni! Ó ń jáde! Ẹ ṣe nǹkan!"

"Ó gbọ́dọ̀ jáde kẹ̀. Jẹ́ kó jáde tán, ìyàwó, wàá fẹ́ òmíràn sí i."

Aránṣọ kúnlẹ̀, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí ẹnu fáàfù. Ó tutù. Òórùn rọ́bà nìkan ló ń gbọ́, kò sí òórùn ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí ariwo náà fi dákẹ́.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń bá àlàyé lọ, òun náà sì ń ṣe gbogbo ohun tó ń wí, bí ẹni tí wọ́n ń darí lójú oorun. Ó fún omi wọlé, ó mú pín lábẹ́ àga, ó dá a padà, ó fẹ́ ẹ títí etí táyà fi ta mọ́ ríìmù. Ó yí táyà po. Omi funfun yọ níbi ihò, ó hó díẹ̀, ó sì dúró.

"Ó ti dí?"

"Ó ti dí."

"Ìyàwó wa ti di mẹkáníìkì! Èmi ni ọmọ iṣẹ́ rẹ àkọ́kọ́ o. Kí ló dé tó o dákẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n yín ló fẹ́ èyí tó jáde yẹn."

Ẹ̀rọ ìyẹ̀fun dákẹ́ lójijì. Ẹnì kan pariwo pé ta ló pa á, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní òun ni.

"O ò bá ti sọ," ló wí fún aránṣọ. "Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí à ń kì bọ ihò láti ìta. A kì í fọwọ́ kan ẹnu fáàfù rárá. Ó wà nílé mi. Ìyàwó, o ò bá ti sọ fún mi."

Aránṣọ gbọ́ tí ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kẹ̀ẹ̀ kẹ̀ẹ̀, bí ẹni tí oúnjẹ há lọ́fun.

"Ó tó, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi," ló wí. "Ẹ má da omijé sínú búrẹ́dì àwọn èèyàn."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Òun náà ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, síríǹjì lọ́wọ́, omi funfun náà ń gbẹ mọ́ ọn níka.