Kabúrétọ̀ Tí Widagdo Fi Ọsàn Wẹ́wẹ́ Wẹ̀

Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ti Widagdo, tíṣà tó fẹ̀yìn tì ní ìlú Klaten, tó sọ ara rẹ̀ di mẹkáníìkì láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Alùpùpù tí bàbá ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀ ló fà á: máṣíìnì àtijọ́ oníkabúrétọ̀ méjì, tí kò dún láti ọdún mẹ́sàn-án. Gondo, àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó mọṣẹ́ alùpùpù bí ẹni mowó, fẹ́ gbé e lọ. Widagdo ní ó di orí òkú òun. Sulastri ìyàwó rẹ̀ bá dá ẹjọ́ náà, ó fi orúkọ Ratri ọmọ wọn pe ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Ratri, tó bá dún kí oṣù Suro tó wọlé, tiyín ni. Tí kò bá dún, kí Gondo wá gbé e.”

Ọ̀sẹ̀ kan ló kù. Widagdo tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, ó tú kabúrétọ̀ kìíní, tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn fún ẹ́ńjìnnì, ó ń kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo ohun tó bá yọ, bí ẹni ń máàkì ìwé ọmọléèwé. Ó fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, ó fi pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sínú àwọn ihò wíńníwínní tí epo ń gbà kọjá. Ó mọ́ tónítóní. Àmọ́ kò dán.

Kò dán! Ṣé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ohun ìní bàbá nìyẹn? Nínú oṣù Suro, oṣù àkọ́kọ́ nínú ọdún wọn, ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń wẹ kẹrísì, idà kékeré ìdílé, títí á fi funfun bí eyín ọmọdé. Widagdo fún ogún ọsàn sínú abọ́, ó ri kabúrétọ̀ kejì sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó sì já òdòdó funfun lé e lórí bí wọ́n ti ń ṣe fún kẹrísì.

Ọjọ́ kejì ni Gondo wá “kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.” Ó yọjú sínú abọ́. Kabúrétọ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò, nǹkan funfun bí ẹfun sì ti dí gbogbo ihò rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ sè?”

“Mo wẹ̀ ẹ́ ni.”

“Tòdòdó-tòdòdó?”

“Ohun ìní bàbá ni.”

“Irin ni kẹrísì. Èyí ò le tó yẹn, ọsàn ti jẹ ẹ́. Ẹ kúkú fi ata sí i, ká jọ jẹ èyí tó kù.”

Nígbà tó di ọjọ́ tó kẹ́yìn, Widagdo de kabúrétọ̀ kìíní padà, ó fi rọ́bà dí ẹnu ẹ́ńjìnnì níbi tí ìkejì ì bá wà, ó sì ń ta á nípàá títí aṣọ fi lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Alùpùpù wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ló bá dún: pù, pù, pù. Apá kan ń ṣiṣẹ́, apá kejì ń wòran.

“Kò dún dáadáa,” Gondo tó ti dúró láti gbé e ló wí bẹ́ẹ̀.

“Ta ló pe dáadáa?” Sulastri dá a lóhùn. “Kó dún ni mo wí. Àbí etí rẹ di ni?”

Bó ṣe di ti Widagdo nìyẹn. Àràárọ̀ ló ń gùn ún lọ mu kọfí. Àwọn obìnrin tó ru témpè, oúnjẹ ẹ̀wà sóyà, lọ sọ́jà á kí i lọ́nà, wọ́n á tà tán, wọ́n á tún bá a lójú ọ̀nà kan náà tí kò tíì dé ilé kọfí, wọ́n á tún kí i. Ó ní ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún òun.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ẹ lọ sí Klaten, ẹ jókòó sílé kọfí ẹ̀gbẹ́ ọjà, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i. Ẹ má kánjú. Ó ń bọ̀.