Ayùn Abẹ́ Fóòmù

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ òtẹ́ẹ̀lì kan. Òun kọ́ ló ń fọ̀ ọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó yẹ àpò aṣọ wò kí aṣọ tó wọ inú ẹ̀rọ. Òun nìkan ló wà nídìí tábìlì náà, pẹ̀lú abọ́ irin kan. Kọ́kọ́rọ́, eyín àtọwọ́dá, lẹ́tà tí kò yẹ kí ìyàwó rí, inú abọ́ ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, olóhun ti gba ohun rẹ̀. Yẹ-Àpò-Wò ni wọ́n ń pè é. Kì í bínú sí i.

Ilé rẹ̀ ni gbogbo wa máa ń kó lọ lọ́jọ́ ọdún. Tẹ́lẹ̀, a ó jẹun, a ó bú ara wa díẹ̀, a ó lọ sílé. Nígbà tó yá, ẹ̀bùn wọ ọ̀rọ̀ ọdún náà, ẹ̀bùn inú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi bébà tó ń dán wé. Lọ́dún èṣí, ìyàwó ọmọ mi gba tirẹ̀, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n wò, ó wo ti ẹni tó jókòó tì í, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi tú ká. Àwọn ọmọdé ya bébà tán, wọ́n ní èyí tó kù dà. Mọ́tò oníke tí àbúrò mi rà kò rí ọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbá bébà náà. Ó kún àpò mẹ́rin.

Lọ́dún yìí, ó ránṣẹ́ sí gbogbo ilé: "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ra nǹkan wá. Ohun tí ẹ jí nílé ara yín ni kí ẹ kó wá, kí ẹ dá a padà lójú gbogbo wa. Ẹ̀bùn nìyẹn."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Káfíńtà ni mí. Káfíńtà náà ni àbúrò mi ọkùnrin. Lọ́dún méjìlélógún sẹ́yìn, mo jí ayùn rẹ̀. Ó dára ju tèmi lọ. N kò ní àlàyé mìíràn. Ó bi mí, mo búra pé n kò rí i. Láti ìgbà náà, bí a bá jọ ń ṣiṣẹ́, tó bá fẹ́ lọ tọ̀, ó máa ń gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ dání lọ.

N kò lè lò ó, n kò lè tà á. Mo tẹ́ ẹ sórí pákó bẹ́ẹ̀dì mi, mo gbé fóòmù lé e. Láti ìgbà náà ni ìyàwó mi ti ń ké ẹ̀yìn, ẹ̀yìn. Èmi ni mo máa ń fi òògùn ra á fún un.

Mo pinnu láti jù ú sódò kí ọjọ́ ọdún tó pé. Mo gbé fóòmù sókè. Ojú ibi tó ti dógùn-ún sí wà lára pákó, teyínteyín. Ayùn kò sí.

Mo bi ìyàwó mi pé, "Ta ló wọ yàrá wa?"

"Ẹ̀gbọ́n yín ni. Ṣebí wọ́n wá bá mi pààrọ̀ bẹ́ẹ̀ṣíìtì nígbà tí ara mi ò yá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àtọjọ́ yẹn ni ẹ̀yìn ò ti dùn mí mọ́. Ọwọ́ wọn tutù!"

Mo jókòó.

Ọjọ́ ọdún pé. Abọ́ irin wà lórí tábìlì. Ìyàwó ọmọ mi ló kọ́kọ́ dìde. Ó dá ìdérí ìkòkò padà fún ìyàwó mi.

"Ìwọ ni! Ará ilé kejì ni mo ti ń ṣépè fún láti ọjọ́ yìí!"

Àbúrò mi dá agbòjò ẹ̀gbọ́n wa padà. Egungun rẹ̀ ló kù. "Ó ti rí òjò," ló wí. Gbogbo ilé hó. Kò sí ọmọ tó bèèrè bébà.

Ẹ̀gbọ́n mi wá gbé ayùn jáde.

Àbúrò mi fò dìde. "Ayùn mi nìyẹn!"

"Jókòó. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ ni mo ti jí i. Ibi tí mo ti mú un ni n ó dá a padà sí. Kí onítọ̀hún wá gbà á."

Abọ́ rẹ̀ ló ń wò, kò wò mí. N kò ṣiyèméjì pé kò ní dárúkọ mi. Bí mo bá dákẹ́, àbúrò mi á máa gbé àpótí rẹ̀ lọ tọ̀ títí ọ̀kan nínú wa á fi kú.

Mo dìde. Mo gba ayùn, mo rin ẹsẹ̀ mẹ́fà, mo gbé e lé àbúrò mi lọ́wọ́.

"Bọ̀dá mi," ló wí, "ẹ̀yin tí ẹ búra fún mi?"

"Mo purọ́."

"Ẹ ò wá fi gé pákó kan ṣoṣo?"

"Wàá dá ohùn rẹ̀ mọ̀."

"Níbo ló wà nígbà náà?"

Ìyàwó mi ń wo ayùn. Ó wá rọra gbé ọwọ́ kan sẹ́yìn, ó fọwọ́ kan ìbàdí ara rẹ̀.

"Baálé mi," ló wí, "abẹ́ fóòmù?"

Àbúrò mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ gbà mí o! Ẹ̀yìn ìyàwó wa ni ayùn mi ń rẹ́ láti ọjọ́ yìí!" Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní a ó sọ ọ́ nílé.

Nígbà tó yá, àbúrò mi fi ayùn sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní òun ń lọ tọ̀. Ó lọ lọ́wọ́ òfo. N kò fọwọ́ kan ayùn náà.

Ọmọ ọmọ mi kan bèèrè pé, "Màmá àgbà, ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́? A ti dá gbogbo ẹ̀ padà tán."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé abọ́ rẹ̀. "Odindi ọdún kan ṣì wà níwájú yín. Àbí ọwọ́ yín ti kán?"

Nígbà tí mo délé, mo wá gíláàsì ojú mi nínú àpò. Kò sí níbẹ̀. N kò yọ ara mi lẹ́nu. Ṣíbí ńlá ẹ̀gbọ́n mi wà nínú àpò kejì.